Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Sára Ògiri Ìta Kó Lè Pẹ́

Ayàwòrán tí wọ́n fún ní ògiri gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ọjà láti yàwòrán sí gbọ́dọ̀ yẹ ògiri náà wò fínnífínní kó tó ronú kan ohun tí yóò yà, nítorí láti ara ògiri ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, kì í ṣe láti ọwọ́ ayàwòrán.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nílò nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gba ọ̀dà. Bí ó bá jẹ́ ògiri àtijọ́, ẹ fi téèpù lẹ etí ọ̀rá kan tó mọ́ gaara mọ́ ọn yípo, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi nínú ọ̀rá náà, ẹ má tíì ṣí ike ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, ìbáà jẹ́ páànù tó ń jò tàbí àgbàrá tó ń gba ìdí ògiri kọjá. Ìyẹ̀fun funfun tó ń yọ lára ògiri jẹ́ iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a dànù, nítorí bí ẹ bá da omi sí i, yóò yọ́ padà sínú ògiri.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tí àwòrán yóò dúró lé, ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin sórí àwòrán inú ìwé àti sórí ògiri. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 nínú ìwé, tí ó sì jẹ́ 50 lára ògiri, àwòrán tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 yóò di mítà 5. Ẹ máa rìn sẹ́yìn dé òdìkejì títì wò ó, torí ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú yóò ti máa wò ó.

Ọ̀dà olómi tí wọ́n ṣe fún ìta ló dára jù, nítorí ọ̀dà olóróró a máa bó lára sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ dénú. Oòrùn a tètè pa ọ̀pọ̀ àwọ̀ pupa àti yẹ́lò títàn, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó ti inú ilẹ̀ wá, bíi ti yangí, kì í ṣá bọ̀rọ̀. (Àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà ní Ilé-Ifẹ̀ kò tilẹ̀ retí kí iṣẹ́ wọn wà títí, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kùn.) Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku kúrò láràárọ̀.

Ẹ fi àwọ̀ dúdú kan ṣoṣo kun ìsàlẹ̀ ògiri dé orúnkún, nítorí ewúrẹ́ yóò fara ra á, òjò yóò sì ta ẹrẹ̀ sí i. Kí ẹ sì fi ìyókù ọ̀dà náà pamọ́ sọ́wọ́ alákòóso gbọ̀ngàn fún àtúnṣe.