Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Ìṣàwárí Lórí Ìkànnì Kí Google Lè Gbé E Síwájú

Kí ẹni tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, tó kọ ohunkóhun sórí ìkànnì rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ sínú Google, èyí tí à ń pè ní ọ̀rọ̀ ìṣàwárí. Oníṣòwò a máa kọ “ojúlówó ohun àmúṣọrọ̀ inú ọ̀sà”, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ebi ọbẹ̀ ń pa ní Ìbàdàn kò ní tẹ irú ìyẹn láéláé. Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníbàárà yín fi ń wá ọjà, Gẹ̀ẹ́sì náà ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ọjà yín sínú Google, kí ẹ sì ṣe àdàkọ àwọn àbá tí ó ń yọ sísàlẹ̀ sínú ìwé. Àwọn kan ń sanwó fún irinṣẹ́ olówó ńlá. Ní tèmi, ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sàn jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ṣe pàtó: gbogbo ayé ló ń du “ẹja”, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń du “ẹja àrọ̀ gbígbẹ ní Ẹ̀pẹ́”. Ẹ fi sí àkọlé, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, àdírẹ́sì ojú-ewé àti àlàyé àwòrán tí ó bá a mu.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Lẹ́yìn tí àwọn kan bá ti fi gbólóhùn náà sí ibi tí ó yẹ, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ ní gbogbo ìlà, títí tí àkọsílẹ̀ náà yóò fi dà bí ìpolówó inú mọ́tò. Google ka èyí sí ìwà ẹ̀tàn, ó sì lè tìtorí rẹ̀ rẹ ojú-ewé náà sílẹ̀, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bákan náà ni kíkó orúkọ Ìkòròdú, Badagry àti Ìjẹ̀bú-Òde jọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé láìní ìdí, àti kíkọ ọ̀rọ̀ funfun sórí ojú funfun kí òǹkàwé má baà rí i.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín nítorí àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń fi pamọ́ sínú kóòdù ojú-ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní “meta keywords”: láti ọdún 2009 ni Google ti kéde pé òun kì í lò ó láti fi to ìkànnì. Kò sí iye ìgbà kan pàtó tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ka àkọsílẹ̀ yín sókè; níbi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ẹ kọ “ẹja yíyan” tàbí “ó” dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì, ọ̀fẹ́ lòun náà, kí ẹ lè mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé yín jáde. Bí ọ̀pọ̀ bá ń rí yín tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ wọlé, àkọlé ni kí ẹ tún kọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.