Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ yín: àṣìṣe tó ń sọ oko tuntun di igbó ewé Akíntọ́lá

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní apá Ìgbómìnà, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ti Ìlọrin wá ra ilẹ̀ lọ́nà Ìdọ̀fìàn tàbí lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ti san owó katakata, ó ti san owó alágbàṣe, ó ti ra oògùn koríko. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewé Akíntọ́lá, igbó àjèjì tó ń yára tàn kálẹ̀, ti bo ibẹ̀ ju bó ṣe rà á lọ. Á wá ní ilẹ̀ náà ni kò dáa. Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ò bèèrè.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Owó tí ẹ̀ ń dà sínú igbó ló ń dùn mí, àti igi òrí àti igi irú tó ń bá a lọ. Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí rèé:

1. Kí ẹ máa rò pé gbogbo ohun tó ti òkèèrè wá ni ọ̀tá. Àgbàdo, gbágùúdá, ata, títí kan kajú tó ń mówó wọlé fún wa ní Kwara, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ibi tí ẹ bá gbìn wọ́n sí ni wọ́n ń dúró sí. Bí ẹ bá pa oko àgbàdo tì, igbó ni yóò borí rẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni èyí tó ń rìn fúnra rẹ̀. Ní ìlú rẹ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ́, àrùn ń bá a jà. Níbí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé onílé. Koríko gámbà tí màlúù ń jẹ káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn wa, wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà ní àwọn ọdún 1930 kí ẹran wọn lè rí nǹkan jẹ. Lónìí, ní àríwá ìlú yẹn, ó ga ju ènìyàn lọ, iná rẹ̀ sì gbóná ju ti koríko ìbílẹ̀ wọn lọ débi pé ó ń pa igi ńláńlá.

2. Kí ẹ máa dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó ṣán ewé Akíntọ́lá. Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé inú hóró igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló bá wọ Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1937. Láti ìgbà náà, ó ti gba ẹ̀bá ọ̀nà, ó gba ìgbòrò tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, ó gba etí odò, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ já ewé rẹ̀ kan wò. Iṣan mẹ́ta ló pín láti ìdí ewé bí àmúga, bí ẹ bá sì fọwọ́ rún un, òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ ṣì í mọ̀ mọ́. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń wọlé ló ń tanná. Lẹ́yìn ìyẹn ni hóró rẹ̀ tín-ín-rín yóò gbẹ, pẹ̀lú irun funfun lórí. Igi kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló sì ń pín wọn kiri. Àkókò yìí gan-an, tí ọwọ́ alágbàṣe dilẹ̀, ni onílẹ̀ ń rán wọn wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Gbogbo ibi tí àdá bá kàn ni hóró ń gbọ̀n sí, èyí tó bá sì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò wọn yóò bá wọn dé oko kejì. Ẹ sanwó fún ẹni tó bá yín gbìn ín.

Àwọn mìíràn á ní àwọn yóò fi iná sun ún. Oko kan wà lẹ́bàá Òmù-Àrán tí onílẹ̀ ti sun ún ní oṣù kejì, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó mọ́ tónítóní. Mo gba ọkọ́, mo hú kùkùté kan jáde fún un níṣojú rẹ̀. Orí gbòǹgbò náà tó ìkúùkù, èèhù funfun ti ń yọ ní ìdí rẹ̀ yí ká, ó ń dúró de òjò. Ohun tí iná náà pa ni ọmọ igi òrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Igi Akíntọ́lá tó gbẹ máa ń gbé iná lọ sókè ju koríko wa lọ, ó sì ń mú un wọ abẹ́ igi tí iná ọdọọdún kì í dé tẹ́lẹ̀. Ọmọ igi kú, àyè ṣí sílẹ̀, oòrùn wọlé, Akíntọ́lá gba ibẹ̀. Bí igbó ṣe ń yí padà nìyẹn.

Oògùn tó ń jó ewé nìkan ńkọ́? Gbòǹgbò kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Párákúàtì tí ọ̀pọ̀ ń wá kiri, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ń tà á fún yín lábẹ́lẹ̀ kò fẹ́ràn yín.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fà á tu ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí kò sì tíì tanná, kí orí gbòǹgbò bá a jáde. Bí oko bá tóbi jù, ẹ gé e mọ́lẹ̀ kó tó tanná, kí ẹ tún gé èyí tó bá hù. Ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí ohun mìíràn tó ń nà bo ilẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí igi ńlá wà, nítorí kò lè gbé lábẹ́ òjìji tó ṣú.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ewé náà. A máa fi omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ àdá, ó sì ń borí ẹ̀kan. Àwọn àgbẹ̀ tó ní ó ń mú ìgbòrò tètè sọjí kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo tata aláwọ̀ dúdú àti yẹ́lò tó ń rùn, tó ń bó èèpo gbágùúdá ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ará ilé ni tata yẹn, ó ti wà kí Akíntọ́lá tó dé. Oró kan wà nínú òdòdó Akíntọ́lá tí tata ń jẹ sára, tó ń kó sínú ẹyin rẹ̀ kí ọ̀tá má baà jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ tó wádìí rẹ̀ so bí tata ṣe ń pọ̀ sí i mọ́ bí ewé yìí ṣe tàn kálẹ̀. Ẹ pa Akíntọ́lá tì lẹ́bàá oko, kí ẹ wá máa bèèrè ohun tó jẹ gbágùúdá yín.

3. Kí ẹ máa gé igi òrí àti igi irú kí oko lè fẹjú. Igi òrí lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ṣa èso rẹ̀ ní abúlé yẹn kí ẹ tó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ gégigégi. Tí ẹ bá gé wọn tán, òjìji lọ, ẹ padà sí nọ́ńbà kejì.

4. Lúsínà (leucaena), igi àjèjì tí wọ́n ní kí ẹ fi ṣe ọgbà oko: bí ẹ ò bá ní máa gé e kó tó so, ẹ má gbìn ín. Dongoyaro náà, ẹyẹ àti àdán ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń su hóró rẹ̀ sínú igbó tí ẹ ò rán wọn.

Òdòdó yẹ́lò gíga ẹ̀bá ọ̀nà tó wuyì lójú, Mẹ́síkò ló ti wá. Ewé rẹ̀ dára fún ajílẹ̀. Ẹ gé e kó tó tanná, ẹ má gbé orí rẹ̀ wọ oko.

Ẹ fọ ẹnu katakata kó tó wọlé. Ẹrẹ̀ oko ẹlòmíràn kún fún hóró.

Ti kòkòrò náà kò yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò ẹlẹ́fun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbágùúdá run. Oògùn kọ́ ló gbà wá. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí Paraguay, wọ́n rí agbọ́n wíwẹ́ kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń fín oògùn kiri oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ rántí pé agbọ́n àti èèrà tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ń pa.

Kòkòrò àgbàdo tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní 2016, tí Nàìjíríà wà lára ibi tó ti yọ, èyí ni ẹ̀ ń ná owó oògùn lé jù báyìí. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: àmì Y tó dorí kodò wà níwájú orí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin sì wà lẹ́bàá ìdí rẹ̀, tó tò ní igun mẹ́rin. Láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa ya ewé àárín rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀ pa. Bí ẹ bá máa fín oògùn rárá, inú ewé àárín yẹn ni kó lọ, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kòkòrò ṣì kéré. Tó bá ti wọ inú lọ, tó ti fi ìgbẹ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, oògùn tí ẹ fín lé e lórí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.