Mo pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta: ohun tí mo rí

Ọkọ̀ mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bó bá ti ń gun òkè, ńṣe ni yóò máa wọ́ ara rẹ̀ bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Mo ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í sú. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Yọ bébà yẹn dànù, kó o fi ti òwú sí i. O di ẹ́ńjìnnì nímú, o wá ń retí kó sáré!"

Bébà tó ń wí ni asẹ́ afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn bí abẹ̀bẹ̀ sínú férémù rọ́bà. Ti òwú ni èyí tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe tà lọ́tọ̀: òwú tí wọ́n tẹ́ sáàárín àwọ̀n wáyà, tí wọ́n wá fi ọ́ìlì pa kí eruku lè máa lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní ó ṣeé fọ̀, wọ́n tún ní ó ń fi agbára kún ọkọ̀. Pé ó ṣeé fọ̀, mo gbà. Ti agbára yẹn ni mo ní kí n fojú ara mi rí.

Mi ò sọ pé irọ́ ni ọ̀rẹ́ mi ń pa. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gbé mì pọ̀ ju epo tó ń mu lọ fíìfíì. Kí epo bẹntiróò kílò kan tó jóná bó ṣe yẹ, yóò gba nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7. Tá a bá fi lítà wò ó, lítà epo kan ń lò tó lítà afẹ́fẹ́ 9,000. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń gba inú asẹ́ kékeré yẹn kọjá. Téèyàn bá gbọ́ èyí, yóò rò pé asẹ́ ni gbogbo wàhálà.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ìyẹn ihò tí wọ́n fi ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, mo so ó mọ́ fóònù mi. Ohun méjì ni mo fẹ́ kó máa kà fún mi: gíráàmù afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àti bí afẹ́fẹ́ náà ṣe gbóná sí. Mo wá ojú ọ̀nà kan tó tẹ́jú, tó dá, tí mo lè sáré lórí rẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Mo ti fèrèsé, mo pa ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wọ jíà kẹta, mo dúró lórí kìlómítà 60 ní wákàtí, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá títí ó fi di 100. Fóònù ló ń ka àkókò, kì í ṣe èmi.

Asẹ́ àtijọ́ tó wà lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi sáré. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé: ó ti dúdú, ewé gbígbẹ wà níbẹ̀, òkú kòkòrò wà níbẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ kan tí mi ò mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 9.8.

Pípààrọ̀ rẹ̀ ò le rárá. Kílíìpù mẹ́rin ló di ìdérí àpótí náà mú. Mo ṣí i, mo fi aṣọ tútù nu inú àpótí kí n má baà ti ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, mo sì gbé ti òwú jókòó. Ibi kan ṣoṣo tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ ni etí rọ́bà rẹ̀. Tí kò bá jókòó sínú kòtò rẹ̀ yíká, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, eruku á tẹ̀ lé e, asẹ́ náà á wá di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo tún gbé e jáde. 8.8! Odindi ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo jèrè. Ẹ́ńjìnnì ń hó bíi kìnnìún, ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo jiyàn. Mo tún lọ fọ́nnu fún ọ̀gá mẹkáníìkì tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe. Bàbá náà gbọ́ mi tán, ó ń nu ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé àsìkò kan náà lẹ gbé méjèèjì jáde?"

Mi ò lè dáhùn.

Mo délé, mo ṣí ohun tí fóònù kọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbóná tó 36°C. Láàárọ̀, 23°C ni. Afẹ́fẹ́ tútù a máa ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì yìí ń fi afẹ́fẹ́ nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 kún ohun tí ẹ́ńjìnnì ń gbé mì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan asẹ́. Ìrì àárọ̀ ni mo ń kan sáárá sí, tí mo rò pé òwú ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jí lásìkò kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n epo kan náà nínú táǹkì, mo sì sá eré mẹ́ta fún asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí mo ra asẹ́ bébà tuntun mọ́ ọn, nítorí mo ti wá rí i pé ìdánwò tèmi ò tọ́ láti ìpìlẹ̀. Ògbólógbòó bébà ni mo fi ń wé òwú tuntun. Ta ni ò mọ ẹni tó máa borí?

Àbájáde rẹ̀ rèé, ní ìṣẹ́jú àáyá: asẹ́ ìdọ̀tí, 9.4; bébà tuntun, 8.9; òwú, 8.8. Ẹ má sì jẹ́ kí 0.1 tó wà láàárín méjì tó kẹ́yìn yìí tàn yín, nítorí eré mẹ́ta tí mo fi asẹ́ kan náà sá yàtọ̀ síra tó 0.2. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, gíráàmù 77 ló ń gba inú bébà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá, 78 gba inú òwú. Kò sí ẹsẹ̀ èèyàn tó lè mọ ìyàtọ̀ ìyẹn lórí tọ́tù.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń ti ara rẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì jẹ́ nǹkan bíi kPa 101 létí òkun (kPa ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára yẹn). Kódà nígbà téèyàn bá tẹ tọ́tù débi tó dé, asẹ́ bébà tó mọ́ sábà máa ń gba bíi ẹyọ kan sí méjì nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ yọ asẹ́ kúrò pátápátá, èrè tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn náà lọ. Téèyàn bá sì ń rìn jẹ́jẹ́, ìdérí tí tọ́tù ń ṣí lọ́nà afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló pa ọ̀nà dé. Ẹni tó wá ra asẹ́ tó ń mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ ọ̀nà tó lọ sí ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì.

Epo ńkọ́? Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, ìyẹn ò sì yà mí lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 2009, Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí èyí: nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo rẹ̀, asẹ́ tó dí kì í jẹ́ kí epo tó ń mu pọ̀ sí i, eré rẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn, nǹkan bí ìdá 6 sí 11 nínú 100. Tèmi náà, láti 8.9 dé 9.4, tó nǹkan bí ìdá 6 nínú 100, ó sún mọ́ ìsàlẹ̀ òǹkà yẹn. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ oníkàbúrétọ̀, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo wọn, ni ọ̀rọ̀ epo náà kàn díẹ̀.

Mo ṣì fi òwú náà sílẹ̀ lára ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan, torí ó dùn mí láti sọ owó nù. Kí n tó pa ìdérí dé, mo fi ìka fa gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ọ̀pá tó wà lẹ́yìn asẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá eruku ń kọjá. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án padà, ó ń rin mí lọ́wọ́ bí iyanrìn kíkúnná. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bébà lẹ́yìn náà. Gírísì yẹn mọ́ lóló. Mi ò lè sọ pé gbogbo asẹ́ òwú ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ mi rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó wọ ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò.

Ohun tó wá mú mi yọ ọ́ kúrò, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo fọ̀ ọ́, ó gbẹ, mo tún un pa lọ́ìlì, mo sì pa á ní àpajù. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí iná ẹ́ńjìnnì fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àmì àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ ni P0171, ìyẹn ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì ti fò lọ bo wáyà gbígbóná inú sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kò wá rí gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń kọjá mọ́, kọ̀ǹpútà sì ń fún epo lọ́wọ́ ahun. Mo ra èròjà fífín tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ yẹn nìkan, mo fín in sí i láìfi ọwọ́ tàbí aṣọ kàn án, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó dá a padà. Iná náà kú.

Òkè tó ń bá ọkọ̀ mi jà? Asẹ́ bébà tuntun gba ìdajì rẹ̀. Ìdajì yòókù, púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ tán ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀rẹ́ mi ló gba òwú náà. Mo fi gbogbo òǹkà inú fóònù hàn án, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní òun gbà. Ó wá bi mí bóyá ó ṣì ń hó bíi kìnnìún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n gbé e wá, ìyẹn gan-an lòun ń wá.