Bí iṣẹ́ kẹ́mísírì àbúrò mi ṣe yanjú

Gíráàmù háídrójìn 4 pẹ̀lú ọ́síjìn 16, omi tó máa dà ńkọ́? 20 ni àbúrò mi ń rí, ẹ̀yìn ìwé ní 18. Ìdáhùn lásán ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kò sí àlàyé kankan!

A gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe lẹ́sìnnì ní Òkèfìà, l'Óṣogbo níbí. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ná: 2H₂ + O₂ → 2H₂O. Àbúrò mi wá sọ gíráàmù di móòlù, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye èérún nǹkan: háídrójìn 4 ÷ 2 = 2, ọ́síjìn 16 ÷ 32 = 0.5. Ọ́síjìn ló máa kọ́kọ́ tán! Móòlù háídrójìn 2 ló ń bá ọ́síjìn 1 lọ, torí náà móòlù háídrójìn 1 péré ló máa bá 0.5 yẹn lọ. Omi di móòlù 1, ìyẹn gíráàmù 18. Háídrójìn gíráàmù 2 ṣẹ́kù.

Ní báyìí, ó máa ń fa ìlà sábẹ́ èyí tó máa kọ́kọ́ tán kó tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀.