Bí A Ṣe Ń Fi Kíréètì Ẹyin Ṣeré Lọ́jọ́ Ìsinmi Òjijì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 fún ìsinmi ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọn kò rí oṣù ní alẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń retí rẹ̀, ààwẹ̀ pé 30 ọjọ́ gbáko, ìjọba sì tún fi ọjọ́ 11 kún un. Bí odidi Ọjọ́bọ̀ kan ṣe já lé wa lọ́wọ́ ní Kubwa, ní Àbújá, nìyẹn, láìsí ìrìn-àjò tí a múra rẹ̀ àti láìsí àlejò tí a ń retí.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́. Bí fóònù bá ti wà lọ́wọ́ ẹni láti orí ibùsùn, oòrùn á ti kan àtàrí kí a tó mọ̀. Bí aṣọ ìdọ̀tí bá sì fi lè ríni, a ó máa fọ aṣọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní tèmi o, ọjọ́ tí a kò kà mọ́ ọjọ́ kò yẹ ní fífi san gbèsè iṣẹ́ ilé. Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ di Sátidé. Ẹ jẹ́ ká ṣeré, eré olófin tí a ń fi ọwọ́ ṣe, kí oníkálukú sì máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìwà ara rẹ̀ bí a ti ń ṣe é.

Ẹ wá kíréètì ẹyin onípáálí kan. Ihò 30 ni ó ní, márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà kúrò lára rẹ̀, ọpọ́n ayò yín ti délẹ̀. Ọmọ ayò 48 ló kù. Koro dàbínù dára púpọ̀ fún un, ilé tí wọ́n sì ti ń fi dàbínù ṣínu fún oṣù kan kò yẹ kó wá koro tì, àyàfi tí ẹ bá dà á nù bíi tiwa. A tún jẹ èyí tó ṣẹ́kù, a fi òkúta wẹ́wẹ́ pé e. Ẹ fọ àwọn koro náà kí ẹ sì sá wọn sójú fèrèsé, nítorí pé koro tó ń lẹ̀ mọ́ra kò ṣeé ta.

Ihò mẹ́fà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin sì ni ó wà nínú ihò kan. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò rẹ̀ kan, yóò máa fi wọ́n síhò lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún, yóò sì yípo bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ihò ẹnìkejì, tí ó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni náà bá rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó jẹ èyí náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ọmọ 25 ló pa ayò. Ẹni tó bá bá yín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kí yín dáadáa pé, “Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀,” kí ẹ sì dá a lóhùn pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn.”

Ẹ ní ìwé pélébé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí ẹ ṣe. Kí ẹ má kọ ẹni tó pa ayò, bí ẹ ṣe ta á ni kí ẹ kọ. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, pa mí láyò mẹ́rin léraléra lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí nínú ìwé tèmi ni “Mo ń kó odù jọ,” “Mo tún kó odù jọ,” “Odù mi kò jáde.” Mo ń kó ọmọ jọ sí ihò kan, mo ń dúró de ìgbà tí n ó fi í yí gbogbo ọpọ́n ká, òun sì ń jẹ méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Bàbá Àdùkẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ ayò nìkan lẹ kọ síbẹ̀ yìí?” Mi ò fèsì.

Ìgbà tí a gbé ọpọ́n jáde síta ni bàbá Hausa tó ń ṣọ́ ẹnubodè wa rí odidi kíréètì kejì, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ihò 30 yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ sórí iyanrìn láti ta dara, eré tiwọn (kì í ṣe dárà tí àwa ń dá o). Òkúta 12 ni ti ẹnì kan, igi ṣíṣẹ́ 12 ni ti ẹnìkejì. Ẹ ó kọ́kọ́ máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí wọn yóò fi tán lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ to mẹ́ta lérà nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó máa sún wọn ní ihò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá to mẹ́ta lérà yóò yọ ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì. Bàbá náà lóṣòó, kò sọ̀rọ̀, ó sì yọ tèmi tán.

Fóònù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ lò ó. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ yín ní kékeré, kí ẹ má sì béèrè ohun tí ẹ fẹ́ dà nígbà náà, torí ohun tí àwọn òbí fẹ́ kí ẹ dà ni wọn yóò sọ. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán yín níṣẹ́. Mo pe ìyá mi ní Ọ̀fà.

Mo ní, “Ìyá mi, kí ni ẹ máa ń bá lọ́wọ́ mi bí ẹ bá wá mi tì?”

Wọ́n ní, “Amọ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ń bá ọ, ọmọ Ọlọ́fà, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ìwọ ò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí, o kàn ń mọ ìkòkò.”

Mo ti gbàgbé amọ̀ yẹn pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn òjò, mo wa díẹ̀ lẹ́bàá odò kékeré tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ìkòkò kan jáde níbẹ̀, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sán létí. Inú rẹ̀ la ń kó koro dàbínù náà sí.