Bí a ṣe ń wọ pọ́ńdì tí àrọ̀ ńlá wà

Àwọn tó bá wá kí mi létí pọ́ńdì sábà máa ń béèrè pé ṣé èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwọn ìyá àrọ̀ yìí. Ẹ má dán an wò. Wọn ò ní jẹ yín o. Eyín wọn kéékèèké bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi, á ha awọ ọwọ́, kò ní gé ìka. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ò rí ibi tí ikùn òun ti ń bá ẹja pàdé, omi pọ́ńdì ò sì ṣeé gbé mì. Tí iṣẹ́ bá pọn dandan, ẹsẹ̀ la fi ń rìn wọ̀ ọ́, láàárọ̀ kùtù.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà pọ́ǹpù kúrò lára iná. Mi ò gbà kí wọ́n kàn pa ṣúìṣì: wáyà tó bó nínú omi lè pa èèyàn, kò sí ẹja kan nínú pọ́ńdì yín tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fa omi sílẹ̀ kó má dé orúnkún. Àrọ̀ máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́, omi kékeré ò lè tètè pa á. Ṣòkòtò jíǹsì, bàtà rọ́bà. Ẹni tó bá ní egbò, kó dúró sókè.

Mímú ẹja gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́. Ẹnu ni wọ́n ń sá fún, ẹ̀gún ló ń gún wọn. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lára lẹbẹ tó wà lẹ́yìn orí. Tí ẹ̀rù bá ba ẹja, á nà wọ́n síta gbọnyin, wọn ò sì ní tẹ̀ mọ́. Ara wọn dà bí eyín ayùn. Ọmọkùnrin kan tó wá bá mi kó ẹja ní Ìkòròdú di ìrù nìkan mú. Ẹja yíjú padà, ẹ̀gún wọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ó fi agbára fà á yọ, ó sì ya ẹran jáde. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lè fi ọwọ́ náà fọ aṣọ.

Nítorí náà, ẹ má lé ẹja kiri. Kí ẹni méjì fa àwọ̀n láti òpin kan títí tí ẹja á fi há sí igun. Ẹ fi àpò ìrẹsì òfìfo tí a rẹ sómi bo orí èyí tí ẹ fẹ́ mú, á rọlẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn ọrùn mú un, àtàǹpàkò lẹ́yìn ẹ̀gún kan, ìka yòókù lẹ́yìn ìkejì, ọwọ́ kejì nídìí ìrù. Ẹ má gbá a mọ́ àyà. Tó bá bọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbà á. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń yọ̀, èmi ò lò ó. Ìbọ̀wọ́ òwú tí bíríkìlà ń lò ló dáa, ká rẹ ẹ́ sómi kó má baà bó ara ẹja. Dúrọ́ọ̀mù tí a gé sí méjì ti tó ká kó wọn sí.

Bó bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ tó dá ṣáṣá lè gbà, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀gún bá kán sínú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú u, dókítà ni kó yọ ọ́.

Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń ka gbogbo ẹni tó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jáde, kí n tó dá wáyà padà sára iná.