Dekódà tuntun, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́

Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tí Ìyá mi ní ní Kàbà kò ní ju ihò eriali kan lọ. Dekódà tí mo rà, ihò HDMI àti AV nìkan ló ní, kò ní ti eriali. Mo ní ká ju tẹlifíṣọ̀n nù, Ìyá ní, "Ṣé èmi náà ò tíì gbó ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀rọ fídíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi wáyà AV so dekódà mọ́ "AV IN" rẹ̀, mo fi wáyà eriali so "RF OUT" rẹ̀, ihò tó ń gbé àwòrán jáde bíi ti eriali, mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo yí fídíò sí AV. Mo rọra ń wá ìkànnì lórí UHF tẹlifíṣọ̀n náà. Nígbà tó dé nǹkan bíi 36, àwòrán yọ! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gé díẹ̀, àfìgbà tí mo yí dekódà sí 4:3, ìwọ̀n àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́.